Owó Ojúmọ́ Nílé Oníkọ́tìnì

Ìbéèrè kan wà tí mi ò tíì rí ẹni dá mi lóhùn rẹ̀, èmi náà ò sì tíì rí èsì fi dá ara mi lóhùn: bí èèyàn bá múra sílẹ̀ de àìsàn tó máa pẹ́, ṣé ó ti sọ fún Ọlọ́run pé kò ní wò ó sàn ni? Mo ti gbé e wá síwájú Ọlọ́run lórí eékún mi. Mo ti gbé e lọ bá pásítọ̀. Pásítọ̀ ní kí n túbọ̀ máa gbàdúrà. Mo ń gbà á. Ṣùgbọ́n nínú ilé obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àdúrà pọ̀ ju ọṣẹ lọ, ọṣẹ ló sì máa ń tán.

Oníkọ́tìnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kọ́tìnì ló ń rán, sọ́ọ̀bù rẹ̀ sì kọjú sí ilé mi: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì gígùn kan tó fi ń gé aṣọ, àti àga onípákó kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé, torí pé àga tó fi ń gun fèrèsé nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àjókòóṣe. Aránṣọ yòókù a dúró sí sọ́ọ̀bù kí oníbàárà gbé ara wá fún un wọ̀n. Fèrèsé kì í rìn. Òun ló máa gbé téèpù kọ́rùn, tó máa gbé àga rẹ̀ dání lọ bá fèrèsé nílé onífèrèsé. Ó máa ń sọ pé kò sí fèrèsé méjì tó dọ́gba nínú ilé kan, bí bíríkìlà bá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ búra, kéèyàn má gbà á gbọ́.

Ìyá rẹ̀ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Ẹnu nìkan ni ò kú. Ẹnu yẹn tún wá mú sí i ni, bí ẹni pé agbára tó kúrò lápá àti lẹ́sẹ̀ ló kó lọ síbẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta ni Màmá bí, Oníkọ́tìnì sì ni àbígbẹ̀yìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣèpàdé. Mo wà níbẹ̀, torí èmi ni mo bá wọn gbé Màmá wọ ọkọ̀. Bọ̀ọ̀dá wọn àgbà, tí í ṣe díákónì nínú ìjọ wa, ló gba ọ̀rọ̀ sọ. Èyí tó wà láàárín, tó jẹ́ obìnrin, ń gbé ọ̀nà jíjìn, orí fóònù ló ti bá wọn péjọ, orí fóònù náà ló sì wà láti ìgbà yẹn. Àǹtí Orí Fóònù ni Màmá fúnra wọn sọ ọ́.

“Ẹ jẹ́ ká pín in,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. “Oṣù kan lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ti iṣẹ́, ọmọdé ní í ṣáájú, àgbà a kẹ́yìn. Kó tó kàn mí, lágbára Ọlọ́run, Màámi á ti máa sáré kiri.”

Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Kò sí ẹni tó béèrè pé bí wọn ò bá sáré ńkọ́. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá béèrè irú ìyẹn, wọ́n á wò ó bí ẹni tó ti lọ wọn pósí. Bí a ṣe ṣètò àìsàn Màmá nìyẹn, bí ẹni ń ṣètò ìsinmi ọmọ ilé ìwé, tó ti mọ ọjọ́ ìwọlé.

Oṣù Oníkọ́tìnì pé. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

“Àbúrò mi, àtẹ̀gùn ilé mi ga,” ni Àǹtí Orí Fóònù dáhùn. “Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ Màámi kọ́kọ́ lágbára díẹ̀.”

Ó pe Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá ní, “Kò tíì kàn mí. Èmi ò lè fo àbúrò mi. Ètò ni ètò.”

Lọ́rọ̀ kan, Màmá ò lè kúrò lọ́dọ̀ àbígbẹ̀yìn títí wọ́n á fi lè gun àtẹ̀gùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì lè gun àtẹ̀gùn, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni á tún máa tọ́jú. Ọdún yí po, ó tún yí po. Oṣù Oníkọ́tìnì ò parí.

Ó gbìyànjú láti máa ṣiṣẹ́ láìjáde nílé. Ó ní kí àwọn oníbàárà máa fúnra wọn wọn fèrèsé wọn wá. Ìyá kan fi ìborùn wọn tiẹ̀. Ìborùn mẹ́ta àti díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n gbé kọ́tìnì kọ́, ó dúró sókè réré bíi ṣòkòtò ẹni tó fẹ́ la odò kọjá, ìyá náà sì dé sọ́ọ̀bù pẹ̀lú ariwo.

“Oníkọ́tìnì, kí lo rán fún mi yìí? Àwọn ará ìta ń rí ẹsẹ̀ ọkọ mi!”

“Mọ̀mí, ìborùn wo lẹ fi wọ̀n ọ́n?”

“Èyí tí mo wé lọ́jọ́ yẹn ni.”

“Ṣé ẹ ká a tàbí ẹ tẹ́ ẹ?”

Ìyá náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n Oníkọ́tìnì ló ra aṣọ mìíràn, torí pé oníbàárà tó dákẹ́ kì í tún padà wá, ó sì máa ń sọ ọ́ kiri.

Bí Nọ́ọ̀sì ṣe wọlé nìyẹn. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì lóòótọ́. Arúgbó ló ti ń tọ́jú láti kékeré, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa dá egbò. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ arúgbó tí ojú ń tì. Ó máa ń kọ́kọ́ bá Màmá jà nípa nǹkan mìíràn, tí ìjà bá sì fi máa parí, ìwẹ̀ ti parí. Ó ní iye tó ń gbà lóṣù, ó ní iye tó ń gbà lójúmọ́. Ti ojúmọ́ wọ́n gan-an tí èèyàn bá rò ó pọ̀, bí ẹni tó ń ra ṣúgà ní ṣíbí ṣíbí tí àpò ṣúgà wà ńlẹ̀. Ẹni tó ní ọgbọ́n á sanwó oṣù.

Bọ̀ọ̀dá, tó ti gbà pé òun á dá sí owó yẹn, kọ̀ jálẹ̀.

“Bí a bá san owó oṣù kalẹ̀,” ó ní, “a ti sọ àìsàn di ayálégbé nìyẹn. A ti fún un ní yàrá. Ọlọ́run lè ṣe é lọ́la. Tó bá ṣe é lọ́la, owó ọjọ́ tó kù ńkọ́?”

“Tó bá ṣe é lọ́la, Bọ̀ọ̀dá mi, kí Nọ́ọ̀sì máa fi owó tó kù jayé.”

“Má fi nǹkan Ọlọ́run ṣeré o!”

“Mi ò fi ṣeré. Ṣé Ọlọ́run ló ní kẹ́ ẹ máa san èyí tó wọ́n ni?”

Ojúmọ́ ojúmọ́ ni wọ́n ń san. Ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá bá rántí fi owó ránṣẹ́, Nọ́ọ̀sì á wá, Oníkọ́tìnì á gbé àga rẹ̀ jáde. Ọjọ́ tí kò bá rántí, sọ́ọ̀bù á wà ní títì. Àwọn oníbàárà ò mọ èyí tó máa jẹ́. Èmi tí mò ń gbé lódìkejì, mo kàn ń wo àgádágodo ni.

Nígbà tó yá, Nọ́ọ̀sì wá jókòó sórí àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

“Àǹtí,” ó ní, “mi ò bá yín jà o. Ẹbí kan ní kí n wá máa tọ́jú bàbá àwọn, owó oṣù. Wọ́n fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.”

“Nọ́ọ̀sì, ẹ fẹ́ fi mí sílẹ̀?”

“Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá rówó nìkan ni àwọn ọmọ mi ń jẹun. Tí ẹ bá lè ṣe é lóṣù oṣù, ibí ni mo wà. Mo fẹ́ràn Màmá. Wọ́n ń bú mi dáadáa.”

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti Nọ́ọ̀sì nìkan. Bí Nọ́ọ̀sì bá lọ, sọ́ọ̀bù lọ nìyẹn. Oníkọ́tìnì mọ̀, èmi náà mọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ilé ìwé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ pè é pé kó wá wọn gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn àwọn, irú iṣẹ́ tí kò bọ́ sí i lọ́wọ́ rí.

Owó ò sí, ṣùgbọ́n ibi tí owó lè ti wá wà. Ilé Màmá, tí àwọn àti Oníkọ́tìnì jọ ń gbé, ní yàrá méjì níwájú tó dojú kọ títì. Ibẹ̀ ni bàbá wọn máa ń jókòó sí nígbà ayé rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, àga tó ti ṣẹ́ àti rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ ló kún ibẹ̀. Ayafọ́tò kan ti ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn yàrá yẹn tipẹ́. Owó ilé tó fẹ́ máa san á gbé owó oṣù Nọ́ọ̀sì, á tún ṣẹ́ kù fún páḿpásì. Ìmọ̀ràn yìí ni Oníkọ́tìnì gbé kalẹ̀ nígbà tó pe Bọ̀ọ̀dá wá. Ó ní kí n wà níbẹ̀, torí pé èmi àti Bọ̀ọ̀dá la jọ ń darí ẹgbẹ́ àdúrà. Ó rò pé Bọ̀ọ̀dá á wo ojú mi. Wọ́n fi fóònù ti ife lórí tábìlì kí Àǹtí Orí Fóònù lè rí wa.

Bọ̀ọ̀dá ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

“Iwájú ilé bàbá wa? Kí àjèjì máa ya fọ́tò níbi tí Bàámi ń jókòó sí? Tí Màámi ṣì wà láyé?”

“Bọ̀ọ̀dá mi, torí kí Màámi lè wà láyé ni.”

“Kí làwọn èèyàn máa sọ? Pé a ò lè bọ́ ìyá wa, la fi gbé ilé síta?”

“Wọ́n ti ń sọ ọ́. Ẹ̀yin ni ẹ ò sí níbí kẹ́ ẹ gbọ́.”

Ohùn Màmá wá láti inú yàrá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. “Ta ló ń jókòó níwájú ilé báyìí?”

Bọ̀ọ̀dá wo ilẹ̀kùn náà.

“Eku ni,” Màmá ní. “Ìwọ tó o jẹ́ àgbà wọn, ṣé eku ń sanwó ilé fún ẹ ni?”

Mo gbójú sílẹ̀ kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá yí sí fóònù. “Ìwọ ńkọ́? Kí lo rí sí i?”

“Mo rò pé ká túbọ̀ fi sádùúrà,” ni Àǹtí Orí Fóònù wí. “Ní ti owó…” Àwòrán rẹ̀ dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ owó náà ló máa ń lọ.

Bọ̀ọ̀dá dìde. Ó ní kí n fi àdúrà pa ìpàdé dé. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, mo bẹ Olúwa kó na ọwọ́ ìwòsàn rẹ̀, kó gbé Màmá dìde lórí ibùsùn. Màmá kígbe láti inú yàrá: “Ẹ sọ fún un pé ìrọ̀rí mi tutù o! Ìyẹn ò le!” Mo lajú. Oníkọ́tìnì ti dìde lọ pààrọ̀ ìrọ̀rí. Bọ̀ọ̀dá ṣì dijú, ó ń retí àmín. Mo ṣe é, ṣùgbọ́n kò ti ọkàn mi wá. Kì í ṣe pé mi ò gbà pé Ọlọ́run lè ṣe é. Mo gbà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, nínú àwọn yàrá iwájú yẹn, ìdáhùn kan ti wà ńlẹ̀, kọ́kọ́rọ́ la fi tì í mọ́lé.

Oníkọ́tìnì ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbé fóònù lọ́jọ́ kejì, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lójú mi, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

“Àǹtí mi, mo mọ̀ pé àtẹ̀gùn yín ṣì ga. Ṣé ẹ gbà kí Bọ̀ọ̀dá ṣáájú yín?”

“Háà, mo gbà! Tayọ̀tayọ̀! Kí wọ́n ṣáájú!”

“Ẹ dúró lórí fóònù o. Tí a bá débẹ̀, màá ní kẹ́ ẹ tún un sọ.”

A gbé Màmá sí ẹ̀yìn ọkọ̀, èmi mo gbé ẹsẹ̀ wọn lé itan, Oníkọ́tìnì kó mátírẹ́ẹ̀sì, bàsíà ìwẹ̀, páḿpásì àti ìrọ̀rí gbogbo sínú búùtù. Ọ̀sán gangan la dé ilé Bọ̀ọ̀dá, àwọn aládùúgbò jókòó síta. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá jáde, ó wo inú ọkọ̀.

“Kí lèyí?”

“Oṣù yín ni, Bọ̀ọ̀dá mi.”

“Kò tíì kàn mí! Mo ti sọ fún ẹ pé mi ò lè fo…”

Oníkọ́tìnì na fóònù sí i. “Tayọ̀tayọ̀, Bọ̀ọ̀dá!” ni fóònù wí. “Ẹ máa ṣáájú!” Lọ́tẹ̀ yìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ gaara.

Bọ̀ọ̀dá wo àwọn aládùúgbò. Ìyá àgbà kan lódìkejì ń na ọrùn. Màmá gbé orí sókè lórí itan mi, wọ́n wo ilé náà láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ gbé mi wọlé. Oòrùn ń pa mí. Ṣé ẹ fẹ́ sá mi ni?”

Wọ́n gbé wọn wọlé. Kí ló tún kù tó lè ṣe?

Ọjọ́ kejì ni Bọ̀ọ̀dá pè mí. Kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi.

“Arábìnrin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń débẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń yí wọn?”

Mo ṣàlàyé: kí ó fi ọwọ́ kan sábẹ́ èjìká, ọ̀kan sábẹ́ ìbàdí, kí ó má fa apá tó kú.

“Ṣé ó pọn dandan ni?”

“Ẹ̀yìn wọn á dá egbò tí ẹ ò bá yí wọn.”

“Ṣé lóru náà?”

“Lóru náà, arákùnrin.”

Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti dùbúlẹ̀, kò mọ̀ pé èèyàn máa ń yí wọn. Ó rò pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ ti dùbúlẹ̀ nìyẹn. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó jẹun. Ó pe Nọ́ọ̀sì náà, Nọ́ọ̀sì ní òun á wá, ṣùgbọ́n owó ojúmọ́ ni, owó ọkọ̀ sì tún wà lórí rẹ̀, torí pé ilé Bọ̀ọ̀dá jìn.

Lọ́jọ́ Àìkú, àga díákónì ṣófo. Mo yà síbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn fi ọwọ́ júwe yàrá. Bọ̀ọ̀dá wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo kọ́kọ́ rò pé ó ń gbàdúrà. Omi ìwẹ̀ ló ń nù nílẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rin gbingbin.

“Ọwọ́ ẹ le bí pátákó,” Màmá ń wí fún un. “Ṣé bó o ṣe ń gba owó ọrẹ nìyẹn?”

Ó gbé ojú sókè, ó rí mi. Nígbà tí a jáde lọ da omi nù lẹ́yìnkùlé, ó rọra béèrè, kí ìyàwó rẹ̀ má bàa gbọ́: “Arábìnrin, ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé ẹ rò pé Ó máa wò wọ́n sàn?”

Èmi ni mo di bàsíà náà mú lápá kejì. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ láti kékeré wá sí mi lẹ́nu, kò sì sí èyí tó jáde nínú wọn.

“Mi ò mọ̀,” ni mo wí. “Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Nọ́ọ̀sì ń lọ tí oṣù bá parí.”

Ó da omi náà nù. Ó wo ilẹ̀ tó mu ún. Ó ní, “Kí ayafọ́tò yẹn máa bọ̀.”

Mo fẹ́ẹ̀ sáré délé, ṣùgbọ́n sọ́ọ̀bù wà ní títì. Oníkọ́tìnì wà ní sọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé kún orí tábìlì débi pé kò síbi tí mo lè gbọ́wọ́ lé. Mo sọ fún un pé Bọ̀ọ̀dá ti gbà. Mo rò pé á fò sókè. Ó kàn mú píìnì kan láàárín eyín rẹ̀ jáde, ó fi gún aṣọ.

“Wọ́n ti pè mí láàárọ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbà, kí n máa bọ̀ wá gbé Màámi. Mo ní ẹrù Bàámi ńkọ́? Wọ́n ní tí àwọn bá ráyè, àwọn á kó o. Tí wọ́n bá ráyè! Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni Bọ̀ọ̀dá mi ráyè rí? Ayafọ́tò ò lè fi kámẹ́rà rẹ̀ sórí àga tó ti ṣẹ́. Tí mo bá gbé Màámi padà lónìí, ìlérí ni mo gbé lọ sílé yẹn, Nọ́ọ̀sì ò sì ń gba ìlérí.”

“Ṣé kí wọ́n wá máa jìyà lọ́hùn-ún ni?”

“Ta ló ń jìyà? Mo lọ wò wọ́n láàárọ̀. Màámi ti sanra. Wọ́n ń bú díákónì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ara wọn ti wá yá.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó wá dúró níwájú mi, ó kúnlẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, oore kan ni mo fẹ́ tọrọ. Bọ̀ọ̀dá mi mọ̀ pé mi ò ní gbọ́ tiwọn mọ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ bá mi sọ ọ́ nínú Olúwa, mo mọ̀ yín, ẹ ò ní lè sọ pé rárá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹrù yẹn tó jáde, kí Nọ́ọ̀sì tó fi ọwọ́ gba owó oṣù àkọ́kọ́, ẹ má gbé fóònù wọn. Mi ò ní kẹ́ ẹ parọ́ o. Ẹ ṣáà jẹ́ kó máa dún.”